Ìjẹ́rìí Kì í Ṣe Ìjàkadì

Nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Ìdúpẹ́ ọmọ tí a tọ́ ní ilé onígbàgbọ́ kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Inú bí ó ṣe ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò ni a ti ń rí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti bá àdúrà òwúrọ̀ àti Bíbélì Yorùbá nílẹ̀ kí ó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ohun tí ènìyàn bá sì bá nílẹ̀ kì í ṣòro láti fojú tín-ín-rín wò.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó rántí Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tí ó sì ṣe ìtẹ̀bọmi, èyí ni fífi omi gba ènìyàn wọ inú ìjọ, ní Sàró ní 1825, níbi tí ó ti jìnnà sí ìyá tó bí i. Ohun tí ọmọ mìíràn bá lórí ẹní, ọ̀nà ẹrú ni Àjàyí gbà dé ìdí rẹ̀. Nígbà tí ó sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, kò dá ohun tí ó rí gbà jẹ. Ìyá náà ṣe ìtẹ̀bọmi ní 1848.

Ṣùgbọ́n ní Ọ̀fà, ìlú wa, níbi tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti máa ń jẹ́ ọmọ agbo ilé kan náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìjẹ́rìí jẹ́. Ẹlẹ́rìí a máa sọ ohun tí ó rí, a sì dákẹ́. Agbẹjọ́rò ni ó gbọ́dọ̀ borí. Nígbà tí Crowther dé ààfin Ìlọrin ní 1872, kò bá ẹ̀sìn mùsùlùmí àwọn onílé jà. Ó gbọ́ ìbéèrè wọn, ó sì fi ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ dá wọn lóhùn.

Ìjàkadì ni ayé mọ Ọ̀fà mọ́, ẹni tí a bá sì dá nínú ìjàkadì yóò gbọn eruku kúrò lára, yóò sì rẹ́rìn-ín; ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí a bá fi àríyànjiyàn ẹ̀sìn dá mọ́lẹ̀ kì í sábà padà wá gbọ́ ìyókù. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí ọ̀rẹ́ ń sá tọ̀ lọ́jọ́ ìṣòro, kí ó pa àdéhùn mọ́, kí ó sì dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ.

Àbúrò bàbá rẹ̀, Ọ̀fà.