Àmì Ìṣe àti Ètò Ìṣíwájú Wọn Lórí Ọ̀rọ̀ Nínú Python: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Yorùbá

1.0 Ìfáàrà
Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé olùkọ́ ìṣirò nìkan ni ó ni ẹ̀kọ́ ètò kọ̀ǹpútà. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé ẹni tí ó bá mọ òǹkà Yorùbá ti ní ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́. Python ni èdè ètò kọ̀ǹpútà tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991. Lẹ́tà tí a tò, tí a sì fi àmì àyọlò ká mọ́, ni à ń pè ní string nínú rẹ̀.

2.0 Ìsopọ̀ àti Àpètúnpè
Àmì + a máa so string pọ̀; àmì * a máa ṣe àpètúnpè rẹ̀:

"Òkè" + "-" + "Bùkún" yóò di Òkè-Bùkún
"kíá" * 2 yóò di kíákíá

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti Òkè-Bùkún wá, ní ẹkùn Kabba, lè fi orúkọ ìlú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Àmì tí ó wà láàrin orúkọ náà wà nínú àmì àyọlò, nítorí náà kì í ṣe àmì ìyọkúrò. Bí a bá kọ "Òkè" - "Bùkún", àṣìṣe ni kọ̀ǹpútà yóò pè é. "2" + "3" kì í ṣe 5 bí kò ṣe 23. Bákan náà, "pa" + "ẹja" yóò di paẹja, kì í ṣe pẹja: Python kò mọ ìpajẹ.

3.0 Ètò Ìṣíwájú
Kí ni àádọ́ta? Ogún lọ́nà mẹ́ta dín mẹ́wàá ni: 20 * 3 - 10. A ní láti sọ ogún di púpọ̀ ná kí a tó yọ mẹ́wàá. Márùndínláàádọ́ta ni 20 * 3 - 10 - 5; láti òsì sí ọ̀tún ni a ń yọ ọ́. Ìlànà yìí kan náà ni Python ń tẹ̀ lé:

"ó dé " + "kíá" * 2 yóò di ó dé kíákíá
("ó dé " + "kíá") * 2 yóò di ó dé kíáó dé kíá

Àkámọ́ ni ó ṣíwájú, * tẹ̀ lé e, + ni ó kẹ́yìn.

4.0 Ìkádìí
Ewu ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò ní kéde àṣìṣe kankan nínú àpẹẹrẹ ìkẹyìn yìí. Nítorí náà, kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ èsì tí ó ń retí sílẹ̀ kí ó tó fún kọ̀ǹpútà ní àṣẹ. Bí èsì méjèèjì bá yàtọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.