Ẹ̀rù Tó Ní Ọ̀nà Àbọ̀: Bó Ṣe Yẹ Ká Máa Ka Ìtàn Ẹlẹ́rù Nínú Ẹgbẹ́ Wa

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá ní táàmù yìí dá lórí ìtàn tó ń dẹ́rù bani. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé: ohun tó ń mú kí ẹ̀rù inú ìwé dùn, irin-iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé fi ń dẹ́rù bà wá, àti bó ṣe yẹ ká máa kà á láàárín ara wa kí ẹnikẹ́ni má bàa sunkún lóru.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò dùn mọ́ àwọn kan nínú yín. Ní táàmù tó kọjá, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní ìpàdé wa, àwọn kan lọ ń fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, wọ́n ń pe ara wọn ní Agbako. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ JS1 kan ò fi lè dá jáde lọ tọ̀ lóru. Wọ́n wá ń sọ pé kí ẹgbẹ́ gbé ìwé yẹn jù síbì kan, ká máa ka òwe nìkan. Èmi rò pé a lè dáàbò bo ọmọ JS1 yẹn láìpa ìwé náà tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Madam Koi-Koi àti Agbako

Mélòó nínú àwa ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé ní Nàìjíríà ni ò tíì gbọ́ nípa Madam Koi-Koi? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níhìn-ín kọ́ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún. Àwọn kan ní olùkọ́ obìnrin ni, àwọn kan ní pupa ni bàtà gogoro ẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀. Àmọ́ gbogbo wọn ló gbà pé ìró bàtà yẹn là ń gbọ́ lóru: kói, kói, kói.

Ẹ wò ó dáadáa. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn Madam Koi-Koi fún wa, kì í parí. A kì í gbọ́ pé ẹnì kan bá a jà, tó ṣẹ́gun, tó sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Ìró bàtà ni, wọ́n á pa iná, ó tán. Ẹni tó sọ ọ́ á kọjú sí ògiri, á sùn fọnfọn. Ẹni tó gbọ́ ọ ni kò ní lè sùn.

Ẹ wá wo Agbako. Ojú mẹ́rìndínlógún ló yí orí ẹ̀ ká. Àkàrà-Ògùn ọdẹ pàdé ẹ̀ nínú igbó, ìjà bẹ́ sílẹ̀, àyà gbogbo wa sì ń já. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé la ti mọ̀ pé ọdẹ yìí dé ilé láàyè. Òun fúnra ẹ̀ ló wá bá òǹkọ̀wé, tó ń sọ ohun tí ojú ẹ̀ rí, tí òǹkọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo pè ní ọ̀nà àbọ̀ nìyẹn. Ìtàn ẹlẹ́rù tó dáa á mú wa wọ igbó, á sì mú wa jáde. Ẹni tó mú ọmọ kékeré wọ igbó tó wá fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ò tíì sọ ìtàn, ó kàn fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ta ni Fágúnwà?

Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní ọdún 1903. Olùkọ́ ni, bíi tàwọn olùkọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ògbójú Ọdẹ jáde ní ọdún 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní ọdún 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje jáde ní ọdún 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní ọdún 1961. Wọlé Ṣóyínká tú Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwé iwin ò yẹ ọmọ tó ń gbàdúrà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi fẹ́ rán wọn létí pé Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, C.M.S. ló sì kọ́kọ́ tẹ ìwé yẹn. Nínú ìwé ẹ̀, á dá ìtàn dúró, á gbà wá nímọ̀ràn nípa ìwà, nípa òbí, nípa Ọlọ́run, kó tó tún máa bá ìrìnàjò lọ.

Àwọn míì ní ìwé Yorùbá ò kan ìpínlẹ̀ Niger tí a wà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, odò Ọya nítòsí Bida ni Fágúnwà bá lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ìpínlẹ̀ wa níbí ni ìrìnàjò ẹ̀ parí sí. Ó kàn wá dáadáa.

Irin-iṣẹ́ mẹ́rin

Ẹ̀rù inú ìwé kì í ṣàdédé wá. Òǹkọ̀wé ló ń kọ́ ọ bí ẹni kọ́lé. Mẹ́rin rèé tí a rí.

Èkíní, ààlà. Ibì kan máa ń wà tí a ti ń fi ilé sílẹ̀. Ọdẹ á gbé ìbọn kọ́ èjìká, á dágbére, á wọ igbó. Nínú Igbó Olódùmarè, oníbodè wà lẹ́nu ọ̀nà, Àǹjọ̀nú Ìbẹ̀rù sì lorúkọ ẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gan-an ló ń jẹ́ Ìbẹ̀rù! Tí ẹ bá ń kàwé, ẹ fi ìka sí ibi tí ìtàn ti kọjá ààlà. Láti ibẹ̀ lọ, ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀.

Èkejì, òǹkà. Tí òǹkọ̀wé bá kàn sọ pé iwin náà burẹ́wà, a ò tíì rí nǹkan kan. Fágúnwà sọ iye ojú tí Agbako ní fún wa. Ní ìpàdé wa, a ní kí olúkúlùkù ya àwòrán ẹ̀. Àwa mọ́kànlá la yà á, kò sì sí méjì tó jọra. Ẹnì kan to ojú náà bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹnì kan kó mẹ́wàá sẹ́yìn orí, ẹnì kan ò tiẹ̀ mọ ibi tó máa fi imú sí. Iye ojú náà dá wa lójú, bó ṣe rí ni ò dá wa lójú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń wọlé.

Ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Amos Tutuola, ó sì kọ The Palm-Wine Drinkard ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1952 ló jáde. Nínú ẹ̀, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé ọkùnrin arẹwà kan kúrò lọ́jà. Àṣé ńṣe ni ọkùnrin yẹn yá ẹ̀yà ara ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ nínú igbó, ó ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, ó sì ń san owó tí wọ́n dá lé e. Ó dá ẹsẹ̀ padà, ó dá ikùn padà, ó dá apá padà, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ká ní agbárí yẹn ló kọ́kọ́ jáde, a ò bá kàn kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Àmọ́ bó ṣe ń dín kù báyìí, àwa náà ń kà á lọ́kàn pé, "Kí ló tún kù?"

Ẹ̀kẹrin, ìró. Ẹ rí i pé Madam Koi-Koi gan-an, ìró bàtà ẹ̀ la máa ń gbọ́ ká tó rí i. Èdè Yorùbá sì kún fún ìró. Ẹ ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè: gbàgà, wàràwàrà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ibi tí àmì ohùn ti wúlò nìyí. Ẹ̀rù ni ohun tó ń já wa láyà, ẹrù ni ohun tí a ń gbé sórí. Tí òǹkàwé bá ka "ẹ̀rù ọdẹ" bí ẹni ka "ẹrù ọdẹ", àwa tó ń gbọ́ á máa wá àpò kiri, kò sì ní sí ẹni tí àyà ẹ̀ máa já. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ẹni tó bá fẹ́ dẹ́rù bani lédè Yorùbá, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ àmì ohùn.

Ká kà á papọ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àkàrà-Ògùn dá wọ Igbó Irúnmọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, ọ̀nà tó le jù, kò dá lọ mọ́. Ó kó àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ dání: Kàkó alágbára, Ìmọ̀dóyè ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ olórin, àti àwọn yòókù. Bí ó sì ṣe ń sọ ìtàn yẹn fún òǹkọ̀wé, àwọn èèyàn ń wá gbọ́ ọ, wọ́n ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ìwé náà fúnra ẹ̀ ti kọ́ wa bó ṣe yẹ ká kà á.

Àwọn bàbá àti ìyá wa náà mọ̀ ọ́n. Alẹ́ ni wọ́n ń pa àlọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pa á fún ọmọ kan ṣoṣo nínú òkùnkùn. Agbo ni wọ́n ń pè, àgbà á jókòó láàárín, gbogbo ọmọ á máa gbe orin.

Òyìnbó náà ò yàtọ̀. Ní ọdún 1815, òkè Tambora ní Indonesia bú gbàmù, iná àti èéfín jáde, eruku ẹ̀ sì jẹ́ kí ojú ọjọ́ tutù ní Yúróòpù ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Òjò há àwọn ọ̀rẹ́ kan mọ́lé lẹ́bàá adágún Geneva ní Switzerland ní ọdún 1816. Wọ́n ń ka ìtàn òkú fún ara wọn, ni Lord Byron bá ní kí kálukú kọ tiẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Mary Shelley nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni Frankenstein ti bẹ̀rẹ̀, tó jáde ní ọdún 1818. Ẹ ò rí i pé agbo ìwé kíkà bíi tiwa ló bí i?

Èrè tiwa náà ti ń hàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Tápà ò fẹ́ràn Yorùbá tẹ́lẹ̀. Agbako ló gbé e wá sí ìpàdé. Ní báyìí, òun ló ń béèrè pé, "Kí ni àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe?"

Òfin tí mo dábàá

1. Ìpàdé ọjọ́ Sátidé la ti máa ka ìtàn ẹlẹ́rù, kó má ṣe jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa iná.
2. A ò ní dúró níbi tí ẹ̀rù ti le jù. Ká ka orí kan dé ibi tí ọkàn ti balẹ̀, ká tó tú ká.
3. Ọmọ tí kò bá fẹ́ gbọ́ lè jáde, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín.
4. Ẹni tó bá gbé Agbako lọ sí ilé ìwẹ̀, kò ní bá wa kàwé fún táàmù kan.
5. Kí SS kan máa sin àwọn JS1 dé hostel lẹ́yìn ìpàdé.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà méjì, kí o sì lo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn: eru.
2. Kọ ìlà mẹ́wàá nípa iwin kan. Lo òǹkà kan àti ọ̀rọ̀ ìró méjì.
3. Parí ìtàn Madam Koi-Koi. Sọ bí ọmọ JS1 kan ṣe pàdé ẹ̀ ní kọ̀rídọ̀, ohun tó bá a sọ, àti bó ṣe padà sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ láyọ̀. Ká kà á níwájú gbogbo JS1 ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín la fi ọ̀rọ̀ òfin yìí sí o. Ẹ bá wa wò ó, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe níbi tó bá yẹ.