Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA ỌLỌ́JÀ: VPN LÓRÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ILÉ

  Ọ̀rọ̀ VPN ni ẹ̀kọ́ tòní. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi wá nípa rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín ń bá yín tajà lórí fóònù. Ìwé mẹ́fà péré ni àwa tí à ń kọ èyí kà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn alákọ̀wé ni. Ohun tó yé wa, á yé yín.

Ẹ rántí ọdún 2021. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn dá Twitter dúró ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ síbẹ̀ kúrò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti ti ọ̀nà náà pa, torí àṣẹ tí NCC pa fún wọn. Àwa obìnrin ọjà kò sí nínú ìjà yẹn o, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni ìyà rẹ̀ dé. Ẹni tó ń gbé àwòrán ańkárá àti báàgì síbẹ̀, tí oníbàárà ń ti Àbújá àti Ìbàdàn pè é, ó jí, ó ṣí i, kò ṣí. Oṣù méje ni kí wọ́n tó ṣí i padà, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn oníbàárà mìíràn kò sì padà wá mọ́. (X ni wọ́n ń pè é báyìí.)

Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi VPN sí i." Ẹ̀rù bà wá, torí Ọ̀gbẹ́ni Malami, tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá rú òfin náà lọ sí kóòtù. Nígbà tó yá, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2022, kóòtù ECOWAS dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe yẹn kò bófin mu.

Kí wá ni VPN yìí? Ẹ wò ó báyìí. Ká ní ẹ fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Bàdágírì. Ẹ ti dì í, ṣùgbọ́n orúkọ Bàdágírì wà gàdàgbà lára rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kò rí inú ẹrù, ó kàn mọ ibi tó ń lọ. Bí wọ́n bá ní kó má gbé ẹrù lọ sí Bàdágírì mọ́, ó já tiyín sílẹ̀ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni dẹ́rẹ́bà yìí. VPN ni pé kí ẹ gbé ẹrù náà sínú àpótí ńlá kan, kí ẹ tì í ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ kọ orúkọ ìyá kan ní Mile 2 sí i lára. Mile 2 nìkan ni dẹ́rẹ́bà á rí. Ìyá yẹn ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Á ṣí àpótí, á mú ẹrù yín jáde, á sì fi ránṣẹ́ sí Bàdágírì. Oníbàárà á rò pé Mile 2 ni ẹrù ti wá. Kọ̀ǹpútà tí a fi ṣe ìyá Mile 2 yìí ni wọ́n ń pè ní server, ó sì lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà.

Ẹ ti rí ibi tí wàhálà wà? Ìyá Mile 2 ni. Ohun tí dẹ́rẹ́bà kò rí mọ́, òun ń rí i. Bí ó bá jẹ́ olè ńkọ́? Bí ó bá sì ń bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló ń jẹ?

Ojú wa rí nǹkan lórí èyí. Ní 2021 yẹn, ọ̀fẹ́ ni a gbé sórí kọ̀ǹpútà ilé wa. Ìpolówó ń yọ lójú rẹ̀ bí eṣinṣin, dátà tí a rà kò sì pẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. A gbàgbé, a kò pa á, a sì wọ ojú-ewé báńkì láti san owó epo pupa tí wọ́n kó wá fún wa láti Òkìtìpupa. Ilẹ̀ Netherlands ni server yẹn wà. Báńkì rí i pé ẹnì kan ń ti ibẹ̀ fa owó wa, ni wọ́n bá ti àkáǹtì pa. Ọjọ́ mẹ́ta la fi tò sórí ìlà ní báńkì. Kí á tó dé, ẹlẹ́pò ti kó ẹrù fún ẹlòmíràn. Torí náà, ẹ pa VPN kí ẹ tó wọ báńkì.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, fún kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10 tàbí 11. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ VPN tí ẹ bá sanwó fún: àdírẹ́sì server, orúkọ tí ẹ ó fi máa wọlé, àti password. Ẹ tẹ Start, ẹ tẹ Settings, ẹ wá "Network & internet", ẹ tẹ VPN, kí ẹ tẹ "Add". Níbi "VPN provider", "Windows (built-in)" ni kí ẹ mú. "Connection name", orúkọ tó bá wù yín ni, tiwa ń jẹ́ Epo. Ẹ kọ àdírẹ́sì server síbi tó bèèrè rẹ̀, kí ẹ má fi àlàfo kankan síbẹ̀. "VPN type", èyí tí ilé-iṣẹ́ yẹn sọ ni kí ẹ mú. Ẹ má mú PPTP o. Kọ́kọ́rọ́ ayé àtijọ́ ni, ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀jáfáfá ti mọ bí wọ́n ṣe ń já a. Ẹ kọ orúkọ àti password, ẹ tẹ Save, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Connect. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní irinṣẹ́ tiwọn tó ń ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Orí ojú-ewé ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Kí ẹ tó tẹ Connect, ẹ kọ "what is my IP" sínú Google, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde sórí bébà. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ tún un kọ. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jọra, kò tíì ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí router kú, VPN náà á já. Bí iná bá dé, kọ̀ǹpútà lè padà sójú ọ̀nà gbangba láìsọ fún yín, torí náà ẹ tún un wò.

VPN kò dá gbájúẹ̀ dúró o. Ẹni tó pè yín pé báńkì ni òun, tó ní kí ẹ ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín fún òun, VPN kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹni tó bá ṣe é tó há, kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣájà dání, ti ọ́fíìsì ti bàjẹ́.