Àkànní, Kúrò Láàárín Kọ́ìlì Yẹn

Àkànní, jókòó. Jẹ ẹ̀wà àgányìn yẹn kó tó tutù, ṣùgbọ́n má di etí sí mi. Mo ti wo iṣẹ́ tí o kọ. Wọ́n ní kí o wá agbára òòfà ní ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì róbótó, ìwọ gbé fọ́múlà àárín lé e lórí! Ọ̀lẹ lásán! Orí rẹ pé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Láti àárín, gbogbo wáyà jìnnà sí ọ bákan náà. Láti ìgbà tí Biot àti Savart, àwọn onímọ̀ físíìsì, ti fi iṣẹ́ wọn lélẹ̀ ní 1820, a lè gé wáyà wẹ́wẹ́, kí á ro agbára ẹyọ kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó sì parí. Ṣùgbọ́n bí o bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá kan sún mọ́ ọ, apá kejì jìnnà réré. Fọ́múlà kékeré ò lè gbà á mọ́. Elliptic integral méjì, K àti E, ló kù.

Ẹ̀rù ń bà ọ́? Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ti rí ọ̀nà àbùjá rẹ̀ ní 1799. Jẹ́ kí kọ́ìlì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 láti àárín dé wáyà, kí iná jẹ́ ámpíà 1, kí o sì dúró nínú róbótó náà, ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí àárín. Mú 1, kí o sì mú 5 (10 yọ 5) pín sí 15 (10 àti 5 papọ̀), ìyẹn 0.333. Ro wọ́n pọ̀, pín sí méjì: 0.667. Sọ wọ́n di púpọ̀, mú square root: 0.577. Tún un ṣe: 0.622 àti 0.620. Lẹ́ẹ̀kẹta, méjèèjì di 0.621. Pín ìdajì π sí ìyẹn, K dé, 2.53. Inú ìṣirò kan náà ni E ti ń jáde, 1.11.

Fi K àti E sínú fọ́múlà ẹ̀gbẹ́, ìdáhùn rẹ̀ ni 7.83 microtesla. Ìwọ kọ 6.28, ti àárín! O ò mọ̀ pé bí a ti ń sún mọ́ wáyà ló ń pọ̀ sí i?

Àwọn tó ń ríwáyà fáànù ní àdúgbò Command níbí ń ka ìyípo wáyà kọ́pà lẹ́nu, wọn ò bèèrè K. Ìwọ tó fẹ́ di ẹnjiníà ni mo ń bá wí.

Bí o bá fẹ́ fi fóònù rẹ wọ̀n ọ́n, rántí pé òòfà ayé fúnra rẹ̀ ju 30 microtesla lọ ní Èkó. Wọn òòfà ayé náà kí iná tó wọlé, kí o sì yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí o bá wọ̀n lẹ́yìn náà, ní apá x, y àti z kọ̀ọ̀kan. Ó yá, fọ àwo yẹn, kí o tún iṣẹ́ náà ṣe kí n tó sùn.