Iná tó ń ṣẹ́jú nínú ọkọ̀ rẹ

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Àlàbí ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní bí o ṣe ń ti Bonabéri bọ̀ lórí afárá Wouri ní Douala lẹ́yìn òjò, iná ẹ́ńjìnì aláwọ̀ yẹ́lò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ọkọ̀ ń gbọ̀n, kò fẹ́ sáré mọ́. Nígbà tí o fi máa dé Deïdo, kò ṣẹ́jú mọ́, ó kàn tàn síbẹ̀ ni. Mẹkáníìkì àdúgbò wá ní kí o máa wà á lọ, pé kò sí tòkunbọ̀ tí iná yẹn kì í tàn nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ti bẹ̀ mí pé kí n má fi ọ̀rọ̀ mọ́tò sú ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ réwáyà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, bí n kò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́?

Bí iná yẹ́lò yẹn bá tàn tí kò ṣẹ́jú, nǹkan kan ń ṣe ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì fún ọ láyè láti gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó kú. Ó lè jẹ́ pé o kò dé ìdérí táńkì epo dáadáa. Èyí tó bá ń ṣẹ́jú kò fúnni láyè bẹ́ẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ọ̀kan nínú àwọn sìlíńdà kò ta iná, epo tó wọ ibẹ̀ kò jó, ó sì gba sàlẹ́ńsà jáde lọ bá catalytic converter. Inú ibẹ̀ ló ti wá ń jó. Ooru náà lè pọ̀ débi pé yóò yọ́ inú rẹ̀, tó ní ihò wẹẹrẹ bí afárá oyin, títí yóò fi dí, tí ọkọ̀ kò sì ní lè gun òkè mọ́. Bó bá tún ṣẹ́jú, dín eré kù, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pa ẹ́síì. Bí kò bá dáwọ́ dúró, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí o pa ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí koríko gbígbẹ, nítorí abẹ́ ọkọ̀ yóò ti gbóná ju bí o ṣe rò lọ.

Omi ni mo fura sí. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ. Nínú Corolla tìrẹ, orí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ni kọ́ìlì rẹ̀ jókòó sí, nínú ihò. Rọ́bà ẹnu kọ́ìlì yẹn máa ń sán bó bá gbó. Bí omi bá dé ibẹ̀, iná á fò gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kò ní dé ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ó sì lè má jẹ́ omi òjò rárá. Ṣé o ṣì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò máa fín omi alágbára sí ẹ́ńjìnì? Dá wọn lẹ́kun.

Má tíì ra kọ́ìlì kankan. Wá ẹni tó ní sikánà. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ tuntun ní ojú ihò kan náà tí a ó máa ti ka àṣìṣe inú brain box. Yúróòpù ṣe tiwọn fún ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù ní 2001. Tìrẹ tó ti Bẹ́ljíọ́mù dé ní in, lábẹ́ síàrìn. Ọdún 1996 yẹn náà ni ère gíga tí Joseph-Francis Sumégné fi irin àlòkù tò dé Rond-point Deïdo tí ò ń gbà kọjá. Bí o bá fi ọkọ̀ náà lé mẹkáníìkì rẹ yẹn lọ́wọ́, wọ́n á rí ìyókù Corolla fi kún un.

Bí sikánà bá gbé P0302 jáde, sìlíńdà kejì ni. Ní kí ẹni tó ní sikánà gbé kọ́ìlì kejì sórí ìkẹta, kó gbé ti ìkẹta sórí ìkejì, kó pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, kí ẹ sì wà á yí àdúgbò ká. Bí nọ́ńbà bá di P0303, kọ́ìlì ló kú, ọ̀kan ṣoṣo lo máa rà. Bó bá jẹ́ P0302 ló tún padà wá, kọ́ìlì kò jẹ̀bi. Ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì wò, lẹ́yìn náà kí ẹ yẹ injector wò. Dúró tì í nígbà tó bá ń ṣe é. Bobine ni wọ́n ń pe kọ́ìlì lọ́dọ̀ yín, bougie ni púlọ́ọ̀gì, o kò lè sọ pé o kò gbọ́.

Ẹni tó bá kàn yọ orí bátìrì tó ní òun ti ṣe é, iná ló pa, àrùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ gé catalytic converter dànù, bi í pé ibo ni yóò gbé èyí tó bá gé lọ. Platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, owó gidi ni.

Láàárọ̀, yí kọ́kọ́rọ́ títí gbogbo iná á fi tàn, kí o tó sítáàtì. Iná ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Bí o kò bá rí i rárá, a jẹ́ pé ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí ó ti fi téèpù bò ó kí wọ́n tó tà á fún ọ. Mo mọ àwọn tó ń so wáyà iná airbag mọ́ ti ọ́ìlì, kí méjèèjì lè máa kú pọ̀, kí oníbàárà lè sanwó.

Iná pupa kò gba àrọwà. Bí agolo ọ́ìlì pupa bá tàn, tàbí tó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí o wà nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, jẹ́ kí wọ́n máa fọn fèrè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti ba ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì kò dé ara rẹ̀ jẹ́. Ti ìgbóná náà bẹ́ẹ̀, má sì ṣí rédíétọ̀ nígbà tó bá ń hó. Bó bá jẹ́ ABS aláwọ̀ yẹ́lò ló tàn, bíréèkì ṣì ń mú. Rọra wà á, fi àyè sílẹ̀ níwájú bí títì bá tutù.

Má fi ọkọ̀ náà gbé ìyàwó àti ọmọ lọ sí Limbé lọ́jọ́ Sátidé tí o sọ. Ya fọ́tò nọ́ńbà tí sikánà bá gbé jáde, fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, kí o sì kọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà mọ́ ọn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.