Láàrin ‘Pọ̀’ àti ‘Mọ́’: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìsopọ̀, Ìlẹ̀mọ́ àti Ìrìn Sẹ́ẹ̀lì Ìbora

Láti ìgbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, ọ̀rọ̀-ìperí ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ti ẹ̀kọ́ ohun ẹlẹ́mìí kò tí ì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka kan péré ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: sẹ́ẹ̀lì ìbora, èyí tí ó bo ara wa lóde, tí ó sì tẹ́ inú ọ̀fun àti ìfun.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, adhesion, ni àwọn onímọ̀ ń lò fún bí sẹ́ẹ̀lì ṣe di ẹgbẹ́ rẹ̀ mú àti bí ó ṣe di ìpìlẹ̀ tí ó jókòó lé mú. Kò yẹ kí a tẹ̀ lé wọn, nítorí ìyàtọ̀ náà ti wà nínú èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí a dé Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ti gbilẹ̀. Ẹni tí ń di ìwé a rán ojú-ewé pọ̀, a sì lẹ èèpo mọ́ ẹ̀yìn wọn. ‘Pọ̀’ ń tọ́ka sí àwọn ẹgbẹ́ra tí wọ́n di ọ̀kan. ‘Mọ́’ ń tọ́ka sí ohun kan tí ó gbára lé òmíràn. Òótọ́ ni pé a ń gbọ́ ‘lẹ̀ pọ̀’ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun méjì tí ó lẹ̀ pọ̀, ẹgbẹ́ náà ni wọ́n.

Nítorí náà, ìsopọ̀ ni ti cadherin, purotéènì tí Masatoshi Takeichi ará Japan sọ lórúkọ ní àwọn ọdún 1980. Ó ń na ọwọ́ láti ara sẹ́ẹ̀lì kan di irú ara rẹ̀ mú lára èkejì. Láìsí kálísíọ̀mù, ọwọ́ náà kò le. Nínú sẹ́ẹ̀lì, beta-catenin àti alpha-catenin ni ó so ó mọ́ okùn actin. P120-catenin ni kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tètè gbé e mì. Ìlẹ̀mọ́ ni ti integrin, tí ó gba orúkọ rẹ̀ ní 1986. Laminin inú ìpìlẹ̀ wà lára ohun tí ó ń dì mú. Talin ni ó ń jí i láti inú.

Ìrìn wá ńkọ́? Ẹ wo ọlọ́kọ̀ ojú ọ̀sà ní Bàrígà tí ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Ó gún ọ̀pá sínú ẹrẹ̀, ó tì í, ó fà á yọ, ó tún un gún. Bí ọ̀pá kò bá kan ilẹ̀, ọkọ̀ kò lọ. Bí ẹrẹ̀ bá dì í mú pinpin, ọkọ̀ kò lọ. Bákan náà ni sẹ́ẹ̀lì ń yára jù nígbà tí ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ bá mọ níwọ̀n. (Àfiwé yìí ní ààlà: ọlọ́kọ̀ ń ti ara rẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀lì a tún máa fa ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ lé iwájú.) Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ń padé, àwọn sẹ́ẹ̀lì kì í já ìsopọ̀ wọn kí wọ́n tó rìn, wọ́n ń lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìjùmọ̀rìn ni a dábàá fún èyí, nítorí ‘ìṣíkiri’ jọ ti ẹni tí kò ní ibùgbé.

Ẹni tí ó bá rò pé àríyànjiyàn asán ni èyí, kí ó gbìyànjú láti ṣàlàyé jẹjẹrẹ fún aláìsàn. Orúkọ àrùn náà sọ pé ó ń jẹ ara. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tí ó ti ara sẹ́ẹ̀lì ìbora bẹ̀rẹ̀, E-cadherin a dínkù, ìsopọ̀ a sì tú. Ìlẹ̀mọ́ kò tú. Òun gan-an ni sẹ́ẹ̀lì tí ó já ẹgbẹ́ sílẹ̀ ń lò láti rìn wọ inú ẹran-ara mìíràn. Bí a bá fún méjèèjì ní orúkọ kan, aláìsàn yóò gbọ́ lẹ́nu wa pé ìlẹ̀mọ́ ti tú, àti pé ìlẹ̀mọ́ ni ó ń gbé àrùn náà kiri.