Oúnjẹ Tútù àti Oúnjẹ Àsè

Ní apá titun ìlú Ìbàdàn, láti Agbowó dé Bódìjà, láti Dúgbẹ̀ dé Ring Road àti Challenge, kò sí ìgbà kan nínú ọdún tí a kì í rí èso lórí àtẹ. Bí ọsàn bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àgbálùmọ̀ a dé. Bí àgbálùmọ̀ bá sì ń lọ, mángòrò a gba ipò rẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí kò fẹ́ iná. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà ní ayé tí wọ́n gbà pé kò yẹ kí iná kan oúnjẹ ọmọ ènìyàn rárá. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe titun: Bircher-Benner, oníṣègùn ará Switzerland, ń fi oúnjẹ tútù tọ́jú aláìsàn ní ìlú Zürich ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Òtítọ́ kò ṣàìsí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ohun aṣaralóore tí a ń pè ní fítámínì C kò bá iná rẹ́. Ìyàwó ilé tí ó bọ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, tí ó fún un, tí ó sì da omi rẹ̀ nù, ti da apá kan nínú oore ẹ̀fọ́ náà sí gọ́tà. Ní ọdún 1747, James Lind, oníṣègùn nínú ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Salisbury, yan atukọ̀ 12 tí àìsàn kan náà ń ṣe: erìgì wọn ń jẹrà, agbára sì ti tán nínú wọn. Ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tirẹ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ni ara wọn tètè yá jù. Èso tútù ni ó wò wọ́n sàn.

Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀tọ̀ ni kí a jẹ èso pẹ̀lú oúnjẹ, ọ̀tọ̀ ni kí a fi iná sílẹ̀ pátápátá. Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí ní Jámánì tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí ó ti fi ọdún púpọ̀ jẹ oúnjẹ tútù. Bí oúnjẹ tútù ti ń pọ̀ sí i fún wọn ni ara wọn ń rù sí i, nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tí kò tí ì pé ẹni ọdún 45 sì dàrú tàbí kí ó dáwọ́ dúró. Oúnjẹ tútù a máa kún inú láìfún ara ní agbára tó. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fọ́ ẹyin tútù mu nítorí agbára pàápàá ń tan ara wọn jẹ, nítorí ara a máa rí oore inú ẹyin tí a sè gbà ju ti tútù lọ. Bákan náà ni tòmátì: ohun tí ń mú un pupa wúlò fún ara jù nígbà tí a bá sè é pẹ̀lú epo.

Ẹ̀gẹ́ ni ó fi ọ̀ràn yìí hàn jù lọ. Májèlé kan, sáyánáìdì, fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́, èròjà méjì tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ a pàdé, májèlé náà a sì tú jáde. Afẹ́fẹ́, omi tí a fún dànù àti iná tí a fi yan án ni ń gbé e lọ. Ẹni tí ó bu gàrí sínú omi tútù, tí ó fi ẹ̀pà sí i, lè rò pé oúnjẹ tútù ni òun ń mu, ṣùgbọ́n gàrí ti rí iná kí ó tó rí ọjà. Àwọn ìyá tí ń rẹ ẹ̀gẹ́ láfún sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kò mọ orúkọ sáyánáìdì, síbẹ̀ wọ́n mọ ọ̀nà tí a fi ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ìkánjú a sì máa ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ní ọdún 1968, Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, oníṣègùn iṣan ara ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àìsàn kan tí ń mú kí ẹsẹ̀ kú, kí ìrìn dà bí ti ọ̀mùtí, kí ojú ṣú, kí etí sì di. Ó wádìí dé agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́, ó sì tọ́ka sí sáyánáìdì tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ṣe iyè méjì bóyá òun nìkan ni ó fa àìsàn náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò jẹ ẹ̀gẹ́ ní tútù.

Ìdọ̀tí ni ewu kejì. Láti ọdún 1970 tí onígbáméjì ti wọ Nàìjíríà, kò tí ì yé padà wá, omi àìmọ́ àti oúnjẹ tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ fọ̀ ni ó sì ń gbé e kiri. Iná ìbá pa kòkòrò rẹ̀, ṣùgbọ́n èso kì í dé orí iná. Obìnrin ọlọ́sàn ní Dúgbẹ̀ a bó èèpo òde, a fi èèpo funfun sílẹ̀ yí ọsàn ká, kò sì ní gé orí rẹ̀ títí oníbàárà yóò fi dé. Ọwọ́ kankan kò tí ì kan inú rẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a ti gé sínú ọ̀rá láti òwúrọ̀ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó kọ́kọ́ wo omi inú abọ́ tí a fi ń ṣan ọ̀bẹ.